Omi Ẹ̀gẹ́ Tó Di Omi Àdúrà

Mo lè gbàgbé ọjọ́ ìbí ara mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gbé omi ẹ̀gẹ́ lọ sí Ọkìtìpupa ò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Sìkọ́láṣíìpù ni mò ń wá. Wọ́n ní kí olúkúlùkù kó ohun mẹ́ta wá tí yóò fi irú ẹni tó jẹ́ àti ohun tó fẹ́ kọ́ ní yunifásítì hàn. Mo mú ìwé orin bàbá mi tó ti dolóògbé, mo mú awò tí mo fi ń wo kòkòrò, mo sì bu omi ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi rẹ fún púpurù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a ń fi èéfín yan gbẹ, sínú ike. Ohun tó ń mú ẹ̀gẹ́ kan ni mo fẹ́ kọ́. Bí n kò bá rí sìkọ́láṣíìpù náà gbà, ìdí ààrò púpurù ní Ìkọ̀yà ni mo máa padà sí.

Ní ti ìyá mi, ohun pàtàkì kan kì í jáde nílé láì dé iwájú pẹpẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé báàgì mi lọ sí ìsìn láìsọ fún mi. Wòlíì ìjọ wa ní kí ó yọ ike inú rẹ̀ síta, kí ó tò ó mọ́ ike omi àwọn ará ìjọ yòókù. Wọ́n ti kán lọ́fínńdà sí tiwọn, omi wọn sì ti funfun bí omi ẹ̀gẹ́ gan-an. Nígbà tí ìsìn parí, ìyá mi mú ike tí kì í ṣe tèmi.

Ní Ọkìtìpupa, mo dúró níwájú àgbà mẹ́ta tí yóò yan ẹni tó máa gba sìkọ́láṣíìpù, mo sì ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ bo imú yín, òórùn rẹ̀ le."

Gbogbo wọn bo imú. Mo ṣí ike, òórùn dídùn sì gba inú yàrá. Obìnrin tó jókòó láàárín wọn sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, irú ẹ̀gẹ́ wo rèé?"

Òórùn ìjọ wa ni. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ìyá mi ló gbé e lọ fún àdúrà." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí ojú tì mí tán ni mo wá sọ òtítọ́: èéfín ààrò ti ń ba ojú ìyá mi jẹ́, mo sì fẹ́ wá ọ̀nà tí púpurù á fi gbẹ láìsí èéfín. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Síbẹ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n fún.

Nígbà tí mo délé, mo bá ìyá mi tó ń bẹ obìnrin ará ìjọ wa kan tó ti fi omi ẹ̀gẹ́ mi wẹ orí. Nítorí òórùn rẹ̀, ọkọ obìnrin náà ti kó ẹní tirẹ̀ lọ sí pálọ̀. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ìyá mi yíjú sí mi.

"Kí ni omi ẹ̀gẹ́ ń wá nínú báàgì akẹ́kọ̀ọ́?"

Ìgbà yẹn ló yé mi pé mo ti sọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ fún àjèjì mẹ́ta, n kò sì sọ ọ́ fún òun fúnra rẹ̀ rí. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé.

"Nítorí ojú mi lo ṣe ń sáré kiri," ó ní, "tí mo sì rò pé ìwé lásán ni."

Mo ti kọ́gbọ́n: ẹni tá a ń tìtorí rẹ̀ sáré ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá mi nu ojú, ó ní, "Ká ní o ti sọ, ǹ bá ti di ike náà mọ́ àyà mi, kó má baà dà pọ̀ mọ́ tẹlòmíràn." Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú wa.