Kẹ́ṣẹ́ Tí Kò Ṣeé Bọ́

Wọ́n ní kẹ́ṣẹ́ bàbá àgbà kò ṣeé bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹnì kan dán an wò rí, ìka rẹ̀ kákò bí ewé gbígbẹ. Ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹni tó wọ̀ ọ́ náà ni.

Irin méjì tó ń dán gbinrin ni, ó ní kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín lẹ́yìn tí wọ́n fi ń gún ẹṣin kó lè sáré. Bàbá àgbà, ọ̀gá sójà ẹlẹ́ṣin, ló máa ń so ó mọ́ gìgísẹ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Kó tó kú, ó ní ẹni tó bá tún gun ẹṣin nínú ẹbí ni kó gbà á. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò gùn ún, àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ní òun á bá wọn tọ́jú ẹ̀. Bí ìtọ́jú ṣe di wíwọ̀ nìyẹn.

Bàbá Kékeré, Ajagun-lórí-Àga, Balógun Òǹtẹ̀! Ọ́fíìsì tó ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́wèé ló ń wọ̀ ọ́ lọ, tó ń dún bíi ṣaworo láti géètì dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò kúkú sí ẹṣin tó máa gún ní kẹ́ṣẹ́, ẹsẹ̀ àga ló ń gún kiri.

Ìgbà tó yá, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di sójà ẹlẹ́ṣin. Nígbà tó ku ọ̀la tí wọ́n máa yan lórí pápá, ó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní òun ní bàtà, òun ní ẹṣin, gìgísẹ̀ nìkan ló ṣófo.

"Ọmọ mi, tó bá ṣe tèmi ni, mi ò bá ti bọ́ ọ. Kẹ́ṣẹ́ ni kò fẹ́ fi mí sílẹ̀."

Ọmọ náà dúpẹ́. Ó kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jókòó níwájú láàárín àwọn òǹwòran lọ́la, kó sì kí òun bí ọ̀gá sójà, kí gìgísẹ̀ pàdé gbàm. Inú Bàbá Kékeré dùn débi pé ẹnu rẹ̀ ò pa dé. Ohun tí ọmọ náà ò sọ ni pé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún wọn níbi iṣẹ́ ni pé ẹni tó wọ kẹ́ṣẹ́ kì í gbá gìgísẹ̀ pọ̀.

Kí yíyan tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin wá kí ẹbí wọn. Bàbá Kékeré dìde, ó gbé àyà síwájú.

Gbàm.

Eyín kẹ́ṣẹ́ ọ̀tún wọ inú eyín tòsì, wọ́n há. Ó ní kóun gbẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó tọ bí ọ̀pọ̀lọ́, ó sì fìdí jókòó sórí koríko níwájú àwọn ọ̀gágun. Ẹṣin wò ó, ó fọn imú.

"Ẹ ṣáà bọ́ ọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn.

Bàbá Kékeré wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo àwọn tó ti sọ ìtàn kẹ́ṣẹ́ náà fún ló wà níkàlẹ̀.

"Kò ṣeé bọ́," ló fi ohùn kékeré wí.

Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ó ń kí i ni. Nígbà tó máa dìde, kẹ́ṣẹ́ méjèèjì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ sì nà gbọọrọ.

"Bàbá Kékeré, ó ti fi yín sílẹ̀ o. Ẹ kú ìtọ́jú."

Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti ìkọ́ kan ló mú kẹ́ṣẹ́ náà mọ́ bàtà, irú èyí tó wà lára bàtà ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.