Àlàájì Mùktárù Rán Ìgbòkun

Ní Mushin, ẹni tó bá fẹ́ bo ẹrù tírélà tàbí tó fẹ́ kọ́ bánà sẹ́nu géètì, ọ̀dọ̀ Àlàájì Mùktárù ni yóò lọ. Bàbá náà mọ aṣọ tó nípọn rán. Ìyọnu rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó tún mọ gbogbo ohun tí kò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ìbíkúnlé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ìdì aṣọ funfun kan tó ti ya wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

ÌBÍKÚNLÉ: Ẹ kú iṣẹ́, Àlàájì. Ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi mi ló ya, ti iwájú. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi rán òmíì kó tó di Sátidé.

MÙKTÁRÙ: Kékeré nìyẹn. (Ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.) Ọ̀gá, igun kẹrin dà?

ÌBÍKÚNLÉ: Igun mẹ́ta ló ní.

MÙKTÁRÙ: Ẹ má bínú o. Ta ló rán eléyìí fún yín?

ÌBÍKÚNLÉ: Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Àlàájì.

MÙKTÁRÙ: Bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún oníbàárà nìyẹn. A kì í gbọ́n tó ẹni tó máa tan ni. Wọ́n rẹ́ igun kan yín jẹ. Èmi á fún yín ní mẹ́rin, owó kan náà.

ÌBÍKÚNLÉ: Mẹ́ta, Àlàájì. Ẹ jọ̀ọ́.

(Mùktárù mi orí, ó na téèpù lé ogbólógbòó aṣọ náà.)

ÌBÍKÚNLÉ: Ẹ má wọn ìyẹn, ó ti na. Ara ọkọ̀ gan-an ni mo ti wọn tèmi. Láti orí òpó wá sí imú ọkọ̀, fíìtì mẹ́tàlélógún. Láti orí òpó sí ẹ̀yìn, ogún. Ìsàlẹ̀, mẹ́sàn-án.

MÙKTÁRÙ: Ìkẹrin ńkọ́?

ÌBÍKÚNLÉ: Àlàájì.

MÙKTÁRÙ: Ó dáa, ó dáa. Ṣùgbọ́n aṣọ kì í ṣàdédé na. Ẹni tó ń wọ̀ ọ́ ló ń sanra. Ọmọ ọdún mélòó ni ọkọ̀ náà?

ÌBÍKÚNLÉ: Ogójì.

MÙKTÁRÙ: Ẹ ò rí nǹkan. Ṣòkòtò tí mo wọ̀ síbi yìgì mi, orúnkún ló ń dé báyìí. Màá fi àyè díẹ̀ sínú ẹ̀. Tó bá tún sanra, a ó tú u.

ÌBÍKÚNLÉ: Àlàájì, ẹ fetí sí mi. Ìdíje wà lójú ọ̀sà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ mi ti dúró sójú omi, táwọn apẹja fi okùn wọ́ ọ wálé, Saidat ìyàwó mi á sì wà létí omi tí á máa wò mí. Ó ní tí wọ́n bá tún wọ́ ọ wálé, òun á tà á fún àwọn tó ń figi dáná. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn gan-an. Ẹ má fi àyè kankan síbẹ̀.

MÙKTÁRÙ: Ó ti yé mi. Ẹ wá gbà á ní Fúráìdè, tí a bá ti kírun Jímọ̀ọ̀ tán.

Kàyéfì ni pé télọ̀ kò yẹ àdéhùn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ náà, ìgbòkun ti wà nílẹ̀. Ìbíkúnlé wọn etí rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe ká sílẹ̀, wọ́n pé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ bàbá náà.

MÙKTÁRÙ: Mo tiẹ̀ ti bá yín dán an wò. Mo so ó mọ́ géètì nírọ̀lẹ́ àná, nígbà tí ìjì ń jà. Ìjì yẹn ká páànù aládùúgbò mi. Aṣọ yín ò mira.

ÌBÍKÚNLÉ: Kò mira?

MÙKTÁRÙ: Rárá. (Ó na aṣọ náà sókè. Ihò ńlá mẹ́rin ló wà láàárín rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àwo ọbẹ̀.) Ojú atẹ́gùn nìyẹn. Gbogbo bánà tí mo bá rán ni mo máa ń dá a sí, kí afẹ́fẹ́ má fà á ya. Mi ò gbowó ẹ̀.

(Ìbíkúnlé rọra jókòó sórí àpótí.)

ÌBÍKÚNLÉ: Àlàájì, atẹ́gùn ló ń ti ọkọ̀ náà lọ.

MÙKTÁRÙ: Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?

ÌBÍKÚNLÉ: Kò ní.

MÙKTÁRÙ: Láti ọgbọ̀n ọdún, gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù yìí ló ń sá fún atẹ́gùn. Ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ mú un. Ẹ̀ bá ti sọ láti Mọ́ńdè.

ÌBÍKÚNLÉ: Mo ti kú. Saidat á tà á.

(Ojú ti Mùktárù. Ó fa aṣọ kan yọ lábẹ́ máṣíìnì, ó gé e sí mẹ́rin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Kò pé wákàtí kan, gbogbo ihò ti dí. Ìbíkúnlé na ìgbòkun náà wò: lẹ́tà pupa gàdàgbà-gàdàgbà wà lára ìlẹ̀mọ́ kọ̀ọ̀kan.)

ÌBÍKÚNLÉ: Àlàájì, kí lẹ fi dí i?

MÙKTÁRÙ: Bánà oníbàárà kan tí kò wá gbé e mọ́. Òun nìkan ló nípọn tó.

ÌBÍKÚNLÉ (ó ń kà á): "Kì. Í. Ṣe. Títà."

MÙKTÁRÙ: "Ilé yìí" ló ṣáájú ẹ̀, mo ti gé ìyẹn kúrò. Ṣé ìyàwó yín mọ̀wé?