Ta Ni Ẹlẹ́dẹ̀ Ojú Fèrèsé?

Ọ̀sẹ̀ ìdìbò ni, ní London. Hester Pargeter, opó tó ń ta àwòrán yẹ̀yẹ́, lẹ àwòrán ẹlẹ́dẹ̀ kan tó dé wíìgì mọ́ ojú fèrèsé ìsọ̀ rẹ̀; ẹlẹ́dẹ̀ náà ki ẹnu bọ àgbá ẹran àwọn atukọ̀ ọba. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Èrò dúró síta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Aṣòfin Ambrose Quillet, tó ń wá ìbò wọn, fi ọ̀pá tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé, kò sì rántí pa ilẹ̀kùn dé.

"Obìnrin yìí, yọ nǹkan yẹn kúrò. Tí ìbò yìí bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ìwọ lo fà á."

"Ẹ káàárọ̀, ọlọ́lá. Kí ni ẹlẹ́dẹ̀ ṣe fún yín?"

"Má ṣe bí ẹni tí ò mọ̀. Wo imú yẹn. Imú ta ni?"

"Imú ẹlẹ́dẹ̀ ni, sà."

"Màá gbé ẹ lọ sílé ẹjọ́."

"Kò burú. Adájọ́ á kàn ní kẹ́ ẹ di Bíbélì mú, kẹ́ ẹ búra pé ẹ̀yin lẹlẹ́dẹ̀ náà."

Quillet wá àga jókòó, ó nu ojú.

"Kí làwọn tó wà níta yẹn tiẹ̀ ń sọ?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹnì kankan ò dárúkọ yín. Dunnage ni wọ́n ń pè é."

"Dunnage tá a jọ ń du ìbò?"

"Òun náà ni."

Ó yẹ kí inú ọkùnrin yìí dùn, kó máa lọ sílé. Ó tiẹ̀ dìde, ó dé fìlà. Ó tún ṣí i.

"Dunnage kọ́. Dunnage wo? Ẹni tí ò lè jí egungun lórí tábìlì ara ẹ̀."

"Ohun tí wọ́n sọ ni mo sọ, sà. Wọ́n ní orí ẹ̀ pé gan-an."

"Orí wo? Ta ló gba iṣẹ́ títa ẹran fún àwọn atukọ̀ lọ́wọ́ ìjọba? Ta ló di ẹran ẹṣin sínú àgbá, tó pè é ní màlúù, táwọn atukọ̀ jẹ ẹ́ dé Jàmáíkà, tí wọ́n tún ń dúpẹ́? Èmi ni. Èmi Ambrose Quillet."

Ẹ̀rín tó wà níta dá wáí. Quillet yíjú, ó rí ilẹ̀kùn, ó rí gbogbo ojú tó kún ẹnu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ìyáàfin Pargeter, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ àwòrán yẹn."

"Mo ti ń yọ ọ́, sà. Ta ló tún fẹ́ wo àwòrán, nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ ti dé fúnra ẹ̀?"