Bíríkìlà àti Bàtà Olórí Líle

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá, àwọn ọmọ ti lọ sílé, ó ku òórùn òógùn wọn nìkan nínú yàrá ijó. Dígí gba ògiri kan láti òkè délẹ̀, irin tí wọ́n máa ń dì mú gba ìkejì, ìyá tó ń kọ́ wọn níjó sì jókòó sórí àpótí, ó ń rán ríbọ́ọ̀nù mọ́ bàtà ọmọ kan. Ìyá Ó-Kù-Díẹ̀ ni àwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn, nítorí bí wọ́n bá jó títí tí wọ́n fẹ́ wó lulẹ̀, ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn.

Bíríkìlà wọlé, sìmẹ́ǹtì ṣì wà léèékánná rẹ̀. Ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó há àpò ọ̀rá kan mọ́ abíyá. Láti ibi iṣẹ́ ló ti ń to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, búlọ́ọ̀kù lórí búlọ́ọ̀kù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ nílé, ti ń fi omijé bọ́jú láti ijẹta. Wọ́n ti gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lọ sí kíláàsì àwọn tó ń wọ bàtà olórí líle, èyí tí wọ́n fi ń dúró lórí ṣónṣó ìka ẹsẹ̀ nínú ijó báléè, wọ́n sì fi òun sílẹ̀. Bàbá ti lọ ra bàtà náà, ó ti fi hàn án láàárọ̀, ó ní kí ilẹ̀ tó ṣú òun á ti bá olùkọ́ yanjú ẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ bọ́ bàtà yín síta."

Ó bọ́ ọ. Ihò kan wà nínú ìbọ̀sẹ̀ òsì. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọdún karùn-ún rèé tí ọmọ òun ti ń kọ́ṣẹ́ yìí. Ó ní orí ìka ẹsẹ̀ ló máa ń dúró sí tó bá fẹ́ mú abọ́ lórí pẹpẹ, àti pé gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í fara kan ilẹ̀. Olùkọ́ gbọ́ ọ tán, ó fi eyín já òwú.

"Ó ń ṣe dáadáa. Ó kù díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo, Mà?"

"Díẹ̀ tó kù."

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tó máa ń rín fún ọmọṣẹ́. "Mà, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ń ṣiṣẹ́ ohun tó ń dúró. Èyí tó bá máa wó, mo máa ń mọ̀ látòkèèrè. Ọmọ yẹn ò lè wó."

"Ó dáa. Ẹ dúró lẹ́sẹ̀ kan."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tó ń dúró."

Ó ṣàlàyé fún un láìkánjú. Èèyàn á dúró lẹ́sẹ̀ kan, á gbé gìgísẹ̀ sókè pátápátá, orúnkún á gún, ọwọ́ ò ní kan irin, á sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọrùn ẹsẹ̀ má gbọ̀n. Ọmọ tí kò bá tíì lè ṣe é, eegun rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí wọ́n bá gbé e lé ṣónṣó ìka lónìí, á máa tiro tó bá dàgbà.

Bíríkìlà ní ṣé gbogbo ohun tó wà ńbẹ̀ náà nìyẹn. Ó sọ àpò irinṣẹ́ kalẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

"Ẹyọ kan," olùkọ́ ń kà, ojú rẹ̀ ò kúrò lára abẹ́rẹ́. "Méjì. Gìgísẹ̀ yín ò kúrò nílẹ̀, a ò ka ìyẹn. Méjì. Orúnkún yín tẹ̀. Méjì."

"Ìgbà wo la máa kúrò ní méjì, Mà?"

"Tí ẹ bá ṣe mẹ́ta."

Níbi tó ti ń wá mẹ́ta, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó gbá irin mú bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ó ní ẹ̀bi òun kọ́, ilẹ̀ yẹn ni kò tẹ́jú. Ó yọ igi ìwọ̀n rẹ̀, èyí tí omi àti ìfófòó kékeré wà láàárín rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í. Ìfófòó náà dúró sáàárín gbọnrangandan. Ó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ dígí. Àárín náà ni.

"Ilẹ̀ yìí tẹ́jú," ló sọ, ohùn rẹ̀ ò ròkè.

"Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́."

Ó ku ẹ̀rí kan ṣoṣo fún un. Ó tú àpò ọ̀rá, ó kó bàtà náà jáde, ó ń dán gbinrin. Olùkọ́ gba ẹyọ kan, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ náà wọlé dé ọrùn ọwọ́, àyè ṣì kù.

"Ẹsẹ̀ ta nìyí?"

"Tirẹ̀ ni, Mà. Mo jẹ́ kó tóbi díẹ̀ ni, kó lè dàgbà sínú ẹ̀. Bí a ṣe ń ra bàtà iléèwé nìyẹn."

Olùkọ́ ní irú bàtà yìí, bí awọ ara ló ṣe gbọ́dọ̀ mú ẹsẹ̀. Tó bá ṣò, ìka lá gba ìyà rẹ̀. Bíríkìlà ti la ẹnu láti fèsì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Onílé kan tí wọ́n da dẹ́kìn, àjà kọnkéré ilé òkè rẹ̀, ni, ó ní kí wọ́n yọ pákó tó gbé e ró lọ́la, àlejò ń bọ̀.

"Rárá, sà. Ọjọ́ kẹsàn-án péré nìyí. Mo mọ̀ pé ó ti le lójú yín. Ojú ẹ̀ ló le, inú ẹ̀ ò tíì gbẹ. Ti aládùúgbò yín? Ọjọ́ tí wọ́n da tiwọn kọ́ la da tiyín, sà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni, a ó máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń kánjú, kó gbé ibùsùn rẹ̀ wá sábẹ́ ẹ̀. Ẹkún ò lè mú un gbẹ."

Ó ti fóònù bọ àpò, ó mí kanlẹ̀. "Àwọn èèyàn ò ní sùúrù, Mà. Iṣẹ́ ẹni ni wọ́n tún fẹ́ fi kọ́ ẹni."

Abẹ́rẹ́ dúró. Bíríkìlà gbójú sókè, ó rí ọkùnrin kan nínú dígí, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lu, bàtà ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jọ pé ọkùnrin náà gbọ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.

"Ọjọ́ mélòó lẹ pè é?" ni olùkọ́ béèrè.

"Mọ́kànlélógún."

"Kí lẹ máa ń ṣe kó tó pé?"

"À ń bomi rin ín ni."

"Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ọmọ yín lè ṣe é. Ó ṣe mọ́kànlá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ku márùn-ún. Mò ń bomi rin ín."

Bíríkìlà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò rántí ihò ìbọ̀sẹ̀ mọ́. "Mo ti fi bàtà hàn án. Onílé ò ní wá sunkún sí mi léjìká, Mà. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ yẹn?"

"Ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lónìí. Ẹ tún un sọ. Ẹ yọ 'sà' kúrò níbẹ̀."

Ó pe ilé, ọmọ náà ló gbé e. "Ìyá mi," ló wí. Ó ní ojú ẹ̀ ló le, inú ẹ̀ ò tíì gbẹ. Ó ní mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń wá, ó ti ṣe mọ́kànlá, ó ku márùn-ún. Lẹ́yìn náà, òun ló wá ń gbọ́. Ó gbọ́ títí, ojú rẹ̀ ń yí padà. Ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù.

"Ó ní ṣé márùn-ún náà nìkan ló kù. Ó ní òun ti rò pé ẹ ò fẹ́ òun mọ́ ni."

Olùkọ́ tún ki abẹ́rẹ́ bọ ríbọ́ọ̀nù. "Ẹ sọ fún un pé aago mẹ́ta lọ́la. Kó má pẹ́."

Ó sọ ọ́. Ó tún gbọ́, ó tún bo ẹnu fóònù. "Ó ní kó tó di pé ó pé márùn-ún, ṣé òun lè máa fi bàtà náà sùn, tí òun ò bá ti ní dìde dúró nínú ẹ̀?"

Olùkọ́ gbé bàtà náà sókè, ó wo inú rẹ̀ dáadáa, ó yí i wò síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Kò burú. Bó ṣe tóbi tó yìí, ibùsùn gan-an lẹ rà fún un."