Ọjọ́ Tí Àna Mi Dọ̀bálẹ̀ Fún Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò jẹ́ gbó lọ́kàn mi. Bó bá ti sọ sí mi lọ́kàn báyìí, ì báà jẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà, etí mi á kọ́kọ́ gbóná, n ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í họrí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ rọra fi mí ṣẹ̀sín. Mo ti fi ara mi ṣẹ̀sín tó.

Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni mí. Láwọn ọdún tó tẹ̀lé 1990, mo lọ kàwé ní Kánádà, níbi tí òtútù ti ń mú débi pé imú ènìyàn á fẹ́ já bọ́. Mojísọ́lá, ọmọbìnrin ará Ọ̀rà tí mo fẹ́ fi ṣaya, ń ṣe tíṣà nílé. Lẹ́tà la fi ń fẹ́ra. Ká ní mo mọ̀wọ̀n ara mi ni, ìwé tí mò ń kà ni ǹ bá máa kọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ìwé kíkà wú ọmọbìnrin lórí? Sikí ni mo kọ nípa rẹ̀.

Sikí ni pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó gùn ju ènìyàn lọ, tí wọ́n ń de imú bàtà mọ́ kí wọ́n fi yọ̀ lórí yìnyín. Wọn kì í de gìgísẹ̀ mọ́ ọn, á máa gbé sókè bí ẹni ń rìn, igi méjì á sì wà lọ́wọ́ tí ènìyàn fi ń ti ara rẹ̀ síwájú. Kì í ṣe ti àwọn tó ń já ṣòòròṣò láti orí òkè ni mò ń wí o. Ti àwọn tó ń gba inú igbó lọ jẹ́jẹ́ ni. Mo kọ ọ́ sí Mojí pé ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀nà inú igbó kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí gbogbo igi ti ru yìnyín lórí, tí nǹkan kan ò dún àfi pákó ẹsẹ̀ ẹni. Mo ní mo máa ń gba orí adágún tó ti dì gbagidi sọdá, tí n ó máa kí àwọn tó lu ihò sí i láti pẹja. Mo ní ìdájí ló ń dùn jù, kí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn tó tẹ ibẹ̀. Máìlì mẹ́jọ kí n tó jẹun àárọ̀, mi ò sì ṣubú rí!

Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Igbó wà, adágún wà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ọ̀rẹ́ mi kan mú mi débẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilẹ̀ ni mo wà jù. Ọmọdébìnrin òyìnbó kan tí kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ dúró tì mí nígbà kan, ó ń bi mí bóyá kóun lọ bá mi pe màmá mi. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ní tòótọ́ ni ahéré kékeré kan tó wà láàárín igbó, níbi tí wọ́n ti ń dáná, tí ènìyàn ti ń jókòó mu tíì gbígbóná. Ká ní wọ́n kọ́ ahéré yẹn sí etí títì ni, mi ò ní wọ pákó kankan.

Mi ò mọ̀ pé Mojí ń ka lẹ́tà mi sókè fún bàbá rẹ̀. Àgbẹ̀ olóbì àti olókòkó ni Bàbá Mojí, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti ń retí kí wọ́n sọ bóyá wọ́n á fún mi lọ́mọ wọn. Àfi bí lẹ́tà Mojí ṣe dé: "Bàbá ní kí o gbé bàtà pákó náà bọ̀ ní Kérésì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i kí àwọn tó dá ẹ lóhùn."

Ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò. Mo lọ ra àlòkù sikí, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú. Ní Èkó, aṣọ́bodè kan yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé pákó ti tán ní Nàìjíríà ni?" Nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ nílé, ìyá kan tó ń lọ sí Ìresì gbé agbọ̀n adìẹ lé e lórí, adìẹ sì ṣe ohun tí adìẹ ń ṣe. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì nílé, Màmi ti gbé pákó méjèèjì lé orí òkúta, wọ́n ti sá iṣu èlùbọ́ sí i lórí rẹrẹẹrẹ. Wọ́n ní ó ga, ewúrẹ́ ò ní tó o.

Sátidé ni Bàbá Mojí dá pé àwọn ó wá, ní ìrọ̀lẹ́. Èrò mi ni pé kí n yọ́ lọ gbìyànjú ẹ̀ láàárọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn ilé wa, níbi tí ọyẹ́ ti sọ koríko di gbígbẹ tó ń yọ̀. Wọ́n ti sun igbó ìsàlẹ̀ ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ dúdú fún eérú. Bàbá Kékeré nìkan ni mo sọ fún, ìyẹn àbúrò bàbá mi tó ń dúró bíi bàbá fún mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà tí a fi máa débẹ̀, ìdajì àdúgbò ti jókòó? Àwọn kan tiẹ̀ gbé àpótí ìjókòó wá.

Mo ṣàlàyé fún Bàbá Kékeré pé ìda ni wọ́n fi ń pa á nísàlẹ̀ kó lè máa yọ̀.

"Ìda kẹ̀? Ṣé òrí wọ́n ni?" Ni wọ́n bá fi òrí pa á bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára, wọ́n sì tún fi ìyókù ra ìgúnpá.

Mo gun òkè, mo de pákó mọ́ ẹsẹ̀, mo di igi mú. Ibi tí mo ti ń wá àwáwí tí n ó fi sọ̀ kalẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró ọ̀kadà méjì. Ẹnìkan pariwo pé, "Bàbá Mojí ti dé o!" Wọ́n ti dé ṣáájú àkókò. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè gan-an, nínú agbádá funfun báláú, Mojí wà lẹ́yìn wọn.

Ẹ wá wo ibi tí mo wà. Èmi lókè, mo nàró gangan, àna mi nísàlẹ̀, wọ́n ń wo òkè kí wọ́n tó rí mi. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é? Ohùn Màmi ni mo gbọ́: "Dọ̀bálẹ̀! Kí lò ń wò?"

Ara mi ti jẹ́ ìpè kí ọpọlọ mi tó ronú. Mo ju igi nù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi lórí pákó méjèèjì.

Èmi gan-an ò kọ́kọ́ mọ̀ pé mò ń lọ. Mo ṣì ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ Bàbá, ẹ kú ọ̀nà Bàbá," nígbà tí mo rí i pé koríko ń sáré kọjá létí mi. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Bàbá Mojí dúró síbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n la ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń kí àna ní Kánádà nìyẹn.

"Ẹ yà, Bàbá! Ẹ dákun, ẹ yà fún mi!"

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n dá mi lóhùn.

Pákó gbá wọn lójúgun. Èmi yí gbiri sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì bá ara mi ní ìjókòó, orí mi sókè bíi ti baálẹ̀. Àna mi wà níwájú mi, àyà wọn kan ilẹ̀, ọwọ́ wọn nà gbọọrọ, ojú wọn nínú eérú.

Ìyá àgbà kan figbe ta: "Yéè! Àna dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ ọmọ!"

Ẹnikẹ́ni ò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, àfi Màmi tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo fẹ́ dìde, pákó ò jẹ́. Ohun tó wá ń tì mí lójú jù títí dòní kì í ṣe ìṣubú yẹn. Ẹnu mi ni. Dípò kí n bẹ̀bẹ̀, mo ní koríko wa ni kò dára. Mo ní òrí ló pọ̀ jù. Mo tún nawọ́ sí Bàbá Kékeré, ẹni tó rán mi níléèwé. Mojí tú gèlè rẹ̀, ó fi nu ojú bàbá rẹ̀, ó sì gbójú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá Mojí dìde, agbádá ti di aṣọ alágbẹ̀dẹ. "Látọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí mo bí lọ́mọ rí. Ẹ gbé mi padà sí Ọ̀rà." Omi wa, wọn ò mu ún.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Kékeré tí mo nawọ́ sí náà ló mú mi lọ bẹ̀bẹ̀. Lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí n di ẹ̀bi náà ru òrí, pé àwọn ò bínú. A dé Ọ̀rà, mo dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, lọ́tẹ̀ yìí láìsí pákó. Bàbá Mojí jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ dáadáa.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Bàtà yẹn, ṣé o mọ̀ ọ́n wọ̀ àbí o ò mọ̀ ọ́n wọ̀?"

Ọ̀rọ̀ òrí ti wà lẹ́nu mi. Mo gbójú sókè, mo rí ibi tó wú ní iwájú orí wọn.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀ ọ́ rí. Mo parọ́ ni."

Bàbá Mojí fọwọ́ kan ibi tó wú náà. "Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo Ọ̀rà pé ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ń rìn lórí omi. Gbogbo ẹni tó bá wá ra obì ni mo ń sọ fún. Ìwọ lo pa irọ́, ẹnu tèmi ló ń gbé e kiri. Ó dára, mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ńkọ́?"

Mojí wọlé, ó gbé agolo bisikíìtì kan jáde. Gbogbo lẹ́tà mi ló wà níbẹ̀, mọ́kànlá. Ó na báírò pupa tó fi ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé sí mi. "Fagi lé èyí tó bá jẹ́ irọ́."

Mo jókòó lórí pèpéle, mo bẹ̀rẹ̀. Máìlì mẹ́jọ lọ. "Mi ò ṣubú rí" lọ. Òtútù tí mo ní kì í mú mi lọ, ipò kìíní tí mo ní mo gbà náà lọ. Mojí dúró tì mí bí ẹni ń ṣọ́ ìdánwò. Nígbà tí mo fi parí, lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí ohun tó kù nínú rẹ̀ ò ju orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ahéré tí mo ti ń mu tíì, àti ibi tí mo kọ ọ́ sí pé àárò ẹ ń sọ mí.

Ó gbà á, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó sì ká a sí méjì.

"Èyí tó kù yìí ni n ó fẹ́," ló wí.

Ó sì fẹ́ ẹ lóòótọ́. Ọmọ mẹ́ta la bí. Èmi kọ́ ẹ̀kọ́ mi: "mi ò mọ̀ ọ́n" kì í ṣe èébú, kò sì fọ́ ènìyàn léyín. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé Ọ̀rà títí dòní, àwọn àgbà ibẹ̀ á kọ́kọ́ fa agbádá wọn mọ́ra, wọ́n á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní kí n rọra kí àwọn. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ni mo tún fẹ́ ṣe?