Ọ̀gá Awòran Tó Ń Fojú Dídì Wòran

Bí wọ́n bá ní kí àwọn ọlọ́gbọ́n àdúgbò Ìbà l'Ékòó tò sórí ìlà, kí wọ́n tó pe ẹyọ kan, Ṣọlágbadé á ti bọ́ síwájú, á sì ti gbé àga dání. Ọ̀gbẹ́ni Ṣọlágbadé, ọmọ Èkìtì, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Àjànàkú tí ń mi pálọ̀ kìjikìji! Ojú tí í wo tẹlifíṣọ̀n kí tẹlifíṣọ̀n ó tó tàn! Ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ohùn rẹ̀ á sì ti ṣáájú ikùn.

Kò sí fíìmù tí ẹ máa dárúkọ tí kò tíì wò. Ti Yorùbá ni o, ti Íńdíà ni o, ti àwọn ará Kòríà tí wọ́n ń fi ọ̀pá méjì jẹun ni o, èsì kan náà ni.

"Mo ti wò ó. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáa, wọ́n kàn sáré parí rẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Dára tí ilé wọn fara kan ti Ṣọlágbadé ń sọ bí olè ṣe gba ojú fèrèsé wọ ilé ìdáná òun, tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ tòun ti sítóòfù abẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣọlágbadé gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Mo ti wò ó," ló wí. "Apá kejì ló dùn jù."

Obìnrin náà lọ sílé, kò lè sùn mọ́. Ó ń retí apá kejì.

Ohun tí àdúgbò kò mọ̀ ni pé àwọn ojú ńlá méjì yẹn kò rí ìparí fíìmù kankan rí. Bí orin ìbẹ̀rẹ̀ bá ti ń dún báyìí, tí orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè, oorun á ti gbé e. Láti ọjọ́ tó ti délé ayé, kò tíì kà á dé orúkọ olóòtú. Christiana ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ àṣírí yìí.

"Bàbá Ìfẹ́, ẹ ti sùn."

"Ta ló sùn? Mo dijú kí n lè gbọ́ ohùn wọn dáadáa ni."

"Ẹ ń hanrun."

"Ìyẹn ni pé fíìmù náà wọ̀ mí lára."

Níbo ló wá ti ń rí ọ̀rọ̀ sọ? Á lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Sherif onígbàjámọ̀ ní Òkòkòmáìkò, á ṣe bí ẹni tó ń dúró kó kan orí tirẹ̀, á máa tẹ́tí sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń jiyàn fíìmù. Bó bá gbọ́ ìlàjì, á fi ẹnu ara rẹ̀ hun èyí tó kù. Ó sì tún ní gbólóhùn méjì nípamọ́. Èkíní: "Ìtàn náà lẹ́sẹ̀, kò lórí." Èkejì: "Kámẹ́rà wọn ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe." Kò sí fíìmù tí méjèèjì yìí kò bá mu, bí iyọ̀ kò ṣe mọ ọbẹ̀ tí kò lè wọ̀.

Kì í sì í ṣe lásán ló ń ṣe é. Iná ìjọba kì í pẹ́ lọ níbẹ̀, àwọn olùkọ́ yunifásítì tó ń gbé àdúgbò náà kì í sì í ráyè. Wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróò tì í: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ti tuntun yẹn. Tó bá tó wò, ẹ sọ fún wa."

Á gba kẹ́ẹ̀gì, á sì pòwe tí kò sí bàbá ẹnì kankan tó pa á rí: "Awòran tí kò ní bẹntiróò, agbọ́ròyìn lásán ni."

Epo á wọ jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ á gbé fáànù, fáànù á fẹ́ atẹ́gùn sí ikùn Ọ̀gá Awòran, ìhanrun á sọ. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé Ìbà ṣe ń bu epo ra oorun fún ẹni ẹlẹ́ni nìyẹn, tí wọ́n sì ń dúpẹ́.

Ìgbà tó di ọdún yìí ni Ayọ̀wálé dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìjànikin ni Ayọ̀wálé, ẹ̀rọ ló ń tà ní Alábà, kò sì tíì pẹ́ tó kọ́lé sí òpópónà wọn. Ó ní òun fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n kan ta àdúgbò lọ́rẹ, èyí tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ínfátà tó máa gbé e bí kò bá sí iná. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni kí wọ́n máa pé wòran. Ṣùgbọ́n àdúgbò kò ní gbọ̀ngàn. Pálọ̀ ẹnì kan ni tẹlifíṣọ̀n náà máa wà. Ẹni náà ni Alága Ìran, ọwọ́ rẹ̀ sì ni rìmóòtù máa wà.

Ṣọlágbadé gbọ́, itọ́ kún un lẹ́nu. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti yọ fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ kúrò lára ògiri pálọ̀ kí àyè lè gba ẹ̀rọ.

"Bàbá Ìfẹ́, fọ́tò wa ńkọ́?"

"Christiana, ìyẹn ti pẹ́. Gbogbo ayé ti wò ó."

Ẹnì kan ṣoṣo ló dí i lọ́nà. Rónkẹ́ ni, ará òpópónà wọn tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Àjàngbádì, tí àwọn kan fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n náà fún. Rónkẹ́ máa ń fi gbogbo ara wo fíìmù ni. Bí wọ́n bá ń lé òṣèré, òun náà á dìde. Bí wọ́n bá ní kí ìyàwó má jẹun, òun náà á gbé àwo sílẹ̀. Ibi tí kò bá sì yé e, á ní kò yé òun.

"Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n fún?" Ṣọlágbadé ń bi àwọn èèyàn kiri. "Ẹni tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò yé òun! Ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run?"

Ayọ̀wálé ní kí wọ́n má jà. Ó mú fíìmù kan, Ìyá Ọkọ Agunkẹ̀kẹ́, fíìmù ẹ̀rín látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá kan ló fi kẹ̀kẹ́ lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ láti Òjó dé Àgbádárìgì nítorí orí ẹja. Ayọ̀wálé fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp àdúgbò kí gbogbo èèyàn lè wò ó. Tó bá di Sátidé, kí Rónkẹ́ àti Ṣọlágbadé sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ní gbangba, kí àdúgbò wá yan ẹni tó wù wọ́n.

Rónkẹ́ wò ó lórí fóònù rẹ̀. Ṣọlágbadé yarí.

"Èmi? Kí n máa wo ìran lórí nǹkan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi? Ẹ gbé e sórí fláàṣì fún mi. Ojú àgbà kì í wo kékeré."

Ayọ̀wálé, tó bọ̀wọ̀ fún àgbà, wá fláàṣì kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó gbé fíìmù sí i, ó fún un. Kò rántí pé fídíò ìsìnkú bàbá òun wà lórí fláàṣì náà.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, Christiana ti jáde. Ṣọlágbadé ki fláàṣì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kékeré rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, orin bẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ìyá ọkọ gun kẹ̀kẹ́ títí, ó gùn ún dé Àgbádárìgì, ó bọ́ sílẹ̀, ó parí ìjà, Ṣọlágbadé kò gbọ́. Fíìmù tán. Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ bá fò sí fídíò tó kàn, ìyẹn ìsìnkú Bàbá Ayọ̀wálé ní Ìjànikin.

Ariwo ẹkún ló jí i. Awò ojú rẹ̀ wà lókè orí, ojú rẹ̀ kò sì tíì là tán. Pósí ló kọ́kọ́ rí.

"Háà! Wọ́n ti pa ẹnì kan," ó wí. "Àṣé ibí yìí ló gbóná sí."

Ó gbé ara sókè, ó wò ó láìṣẹ́jú títí ó fi tán. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ṣọlágbadé máa wo nǹkan dópin láyé rẹ̀ nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fọwọ́ gbá ara rẹ̀ léjìká.

Ọjọ́ Sátidé pé. Gbogbo àdúgbò jókòó sínú ọgbà Alàgbà Dàda, alága ẹgbẹ́ onílé. Tẹlifíṣọ̀n wà láàárín, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì bò ó bí ìyàwó tuntun. Ayọ̀wálé wà níwájú, òun àti ìyá rẹ̀, Màmá Lydia, arúgbó tó gbé wá láti Ìjànikin kó lè wá rí oore tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe.

Rónkẹ́ ló kọ́kọ́ dìde.

"Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí. Ibi tí kẹ̀kẹ́ yẹn já wọ àárín ọjà, mo ti dìde nílé, mo ń pariwo, 'Màmá, ẹ tẹ bíréèkì!' Ìparí rẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Ó tán."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Ṣọlágbadé rẹ́rìn-ín ìyọ́nú. Ó dìde, ó ká agbádá sí èjìká ọ̀tún, ó ká a sí ti òsì, ó tún gbogbo rẹ̀ ká.

"Ẹ̀yin ará, ìtàn fíìmù yìí lẹ́sẹ̀, kò lórí. Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ẹ jẹ́ ká lọ tààrà síbi ìsìnkú."



"Ìsìnkú wo, sà?" Ayọ̀wálé béèrè.

"Ẹ rí i bí? Ẹ ò wò ó dópin! Mo mọ̀. Ìparí gan-an ló wà, lẹ́yìn ibi tí àwọn aláìnísùúrù ti máa ń pa á."

Alàgbà Dàda ti wo fíìmù náà, ó tún un wò, kò rí òkú kankan. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù kí wọ́n má ní ojú òun ti ń kú. Ó mi orí. "Ibi ìsìnkú yẹn… ó jinlẹ̀." Dókítà Adémọ́lá, olùkọ́ yunifásítì, gbọ́ bẹ́ẹ̀, kò fẹ́ gbẹ́yìn. "Ó jinlẹ̀ gan-an ni." Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, orí ti ń mì sókè-sódò káàkiri ọgbà bí ti alángbá.

Ara Ṣọlágbadé yá.

"Pósí funfun, onígíláàsì. Àwọn tó gbé e ń jó, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. Kámẹ́rà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹ wá wo ẹni tó ṣe ọmọ olóòkú! Bọ̀bọ́ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ńlá kan báyìí, ó wọ awò dúdú, ó gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ sáyà bí ẹni tó ń polówó búrẹ́dì. Kò wo òkú, kámẹ́rà ló ń wò. Ojú ẹni tó ń wá ogún!"

Ayọ̀wálé rọra fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

Màmá Lydia na ìka kan sókè. "Ọmọ mi, obìnrin tó bu iyẹ̀pẹ̀ sí i ńkọ́?"

"Háà, Màmá! Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi mí. Ìyẹn gan-an ló ba fíìmù jẹ́. Ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ funfun. Ó ń ké 'Ọkọ mi o! Ọkọ mi o!', ojú rẹ̀ gbẹ bíi pánla. Ẹ̀kán omi kan kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ló tún fi bu iyẹ̀pẹ̀! Tó bá jẹ́ èmi ni olóòtú, ìyá yẹn á ti máa lọ sílé."

"Ó mà ṣe o. Kò wá sí ẹnì kankan tó mọ eré ṣe níbẹ̀?"

"Ẹnì kan ṣoṣo, Màmá. Ẹni tó ṣe òkú! Ọ̀jọ̀gbọ́n ni! Kò mí, kò ṣẹ́jú. Eṣinṣin ń rìn lórí gíláàsì níwájú ojú rẹ̀, kò mira. Òun ló yẹ kí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ. Bí mo bá rí ọkùnrin yẹn, màá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

"Wàá rí i," ni Màmá Lydia wí. "Kò kánjú. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ìjànikin ló wà, lábẹ́ síméńtì. Ọkọ mi ni. Ọdún kejì rèé tó ti ń ṣe eré náà, a ò tíì rí ẹni sọ fún un pé ó ti parí."

Ẹnì kan já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ayọ̀wálé fọwọ́ lérí. "Fláàṣì yẹn! Fídíò ìsìnkú Bàbá!" Orí Dókítà Adémọ́lá tó ti ń mì sókè-sódò yí ọ̀nà padà lójú ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀rín bú, ajá ilé kejì ń gbó.

"Màmá, mo… mo ti mọ̀," Ṣọlágbadé ń kálòlò. "Mo kàn ń dán yín wò ni."

"Bàbá Ìfẹ́, ẹ jókòó," Christiana wí láti ẹ̀yìn.

"Kò ní jókòó," Màmá Lydia wí. "Ọmọ mi, omi ojú mi ti tán nílé kí oníkámẹ́rà tó dé. Ṣùgbọ́n ìwọ ní mi ò mọ̀ ọ́n sun. Ó dáa. Ẹni tó ní ká má ṣe é báyìí, òun ló máa ṣe é ká wò ó. Ó yá, sunkún."

Ṣọlágbadé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ̀bẹ̀. Màmá ní kó dìde, òun kò ní kó fi àyà nu ilẹ̀. Ta ló tó kọ̀ fún arúgbó ní gbangba? Ó dìde, ó fọwọ́ bojú. "Yéè," ó wí. "Yéè o."

"Ohùn ò jáde!" ẹnì kan pariwo.

"Daddy, ẹkún yín ò clear o!" Sherif onígbàjámọ̀ nìyẹn.

"Ó ń yọjú láàárín ìka! Mo rí i!"

"Ẹ tún un ṣe, ẹ ronú nípa ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn!"

Ibi tó ti ń ké "yéè" gbígbẹ lọ́wọ́, Alàgbà Dàda ti bi àdúgbò ní ìbéèrè, àdúgbò sì ti dáhùn. Àwọn géńdé méjì ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kúrò, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sókè, ó di ilé Rónkẹ́. Iwájú Ṣọlágbadé gan-an ni wọ́n gbé e gbà. Ó wò ó bó ṣe ń kọjá, gbooro, dúdú, tó ń dán. Ó rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ kúrò lójú. Omi gidi, omi gbígbóná, já wálẹ̀ lójú rẹ̀ méjèèjì, ó gba irùngbọ̀n lọ sí ọrùn agbádá, igbe kan sì jáde lẹ́nu rẹ̀ tó mú kí àwọn géńdé náà dúró wẹ̀yìn.



Màmá Lydia tẹjú mọ́ ọn títí, ó mi orí pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí. "Ìyẹn wọlé."