Àrán Inú Kànga

Kànga kan ṣoṣo tí omi rẹ̀ kò níyọ̀ ní Awoye láyé ajẹ́lẹ̀, Bàdírátù aláṣọ ló ni ín. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, Sùlèímánì ọmọ ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sílé, ikùn rẹ̀ wú rìbìtì, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ni Lawrence wolé-wolé bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọmọ Abereke ni, ọmọ wa ni, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà péré tó bá dókítà òyìnbó ṣiṣẹ́, ó ti gba ohùn ọ̀gá rẹ̀: ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ pẹrẹsẹ, kò ròkè, kò rodò. Ó yọjú wo ọmọ náà, ó mu igbá omi kànga kan, ó mu ìkejì, ó nu ẹnu.

“Iya, aran wa ninu kanga yin.”

“Àrán!” Bàdírátù pàtẹ́wọ́. “Alihamudulilaahi! Àrán mi tó sọnù níjọ́ Iléyá! Ta ló jù ú síbẹ̀?”

“Oun lo wọ ọmọ ọmọ yin lara.”

“Sùlèímánì wọ àrán? Ìhòòhò ló wà nínú ilé!”

“Ẹyin rẹ lo wa ninu omi.”

“Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan? Iwájú rẹ̀ tó ń dán ńkọ́?”

“O kere. Oju lasan ko le ri i.”

“Ọ̀pá mẹ́fà ni mo rà! Wọ́n ti gé e!”

Lawrence bu igbá kẹta mu. “Funfun ni.”

“Pupa ni tèmi! Yéè, ó ti ṣí!”

“Emi yoo di kanga yii pa.”

“Lórí àrán mi? Kò ṣeé ṣe!” Kí Lawrence tó mọ̀, Bàdírátù ti so okùn omi mọ́ ọn níbàdí. “Ilé lẹ máa ń wò. Lónìí, kànga lẹ máa wò. Ẹ bọ́ sísàlẹ̀!”

Ẹsẹ̀ Lawrence yọ̀ lẹ́nu kànga, ó ń rọ̀ dirodiro lórí okùn. Ibẹ̀ ni ohùn ìyá rẹ̀ ti padà bá a.

“Yéè! Ẹ fà mí sókè o! Aràn ni mo wí! Aràn inú! Èyí tí ń jẹ́ kí ikùn ọmọdé wú!”

Bàdírátù fà á sókè. “Aràn? Omi mi ló ń ṣe Sùlèímánì? Omi tí mo ń bẹ̀ ẹ́ kó mu sí i!” Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

“Ẹ má sunkún. Oògùn rẹ̀ ku ẹyọ kan lápò mi, ẹ gbà, ẹ fún un. Kẹ́ ẹ sì máa se omi kẹ́ ẹ tó mu ún.” Lawrence wo ẹ̀yìn kànga, inú bí i. “Ṣáláńgá yìí ló ń jò sínú rẹ̀! Òpònú wo ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbí?”

“Ẹ̀yin ni. Lọ́dún tó kọjá. Ẹ ní ẹni tó bá tún ṣu sódò á fojú ba kóòtù. Ẹsẹ̀ yín náà lẹ fi wọn ilẹ̀ ibẹ̀.”

Lawrence wo ṣáláńgá, ó wo kànga, ó wo igbá.

“Ìyá, igbá mélòó ni mo mu?”

“Mẹ́ta.”

“Oògùn tí mo fún yín yẹn…”

Bàdírátù ti so ó mọ́ etí ìró. Ó fojú wọn ikùn Lawrence bí aláṣọ ti ń wọn oníbàárà.

“Ti Sùlèímánì nìyẹn. Tiyín, bí ikùn yín bá wú, aṣọ ọ̀pá mẹ́ta ló máa gbà. Ẹ̀mí yín á lò ó.”